Ahun Tí A Fi Pamọ́ fún Oòrùn

Ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, aṣọ aró tí wọ́n bá ti rẹ tán kì í rí oòrùn. Abẹ́ òrùlé ni wọ́n ń sá a sí, nítorí oòrùn a máa jẹ aró. Àfúsá, ìyá Mùtíù, ti ń rẹ aṣọ láró láti ọmọ ọdún mọ́kànlá; ó ti di ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta báyìí. Ohun tó bá fẹ́ràn, ibòji ló ń gbé e sí.

Ìdí nìyẹn tí ahun Ameenah fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kú lọ́wọ́ rẹ̀.

Ameenah ni ọmọ Mùtíù, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Nígbà tí iṣẹ́ gbé àwọn òbí rẹ̀ lọ sí yàrá kékeré kan l'Ékòó, kò sí àyè níbẹ̀ fún ahun odò tó ń sìn, èyí tó ní ìlà pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú méjèèjì. Alága ni orúkọ tó sọ ọ́. Ó gbé e fún ìyá àgbà rẹ̀ nínú báàfù ike. "Mo ń bọ̀ nígbà Iléyá. Ìyá àgbà, ẹ má jẹ́ kó kú o."

Àfúsá gbé báàfù náà sẹ́yìn àwọn aṣọ, níbi tó tutù jù lọ. Ó ń pààrọ̀ omi láràárọ̀. Ó ń fún un ní edé àti ewé. Lóṣù kẹta, Alága kò jẹun mọ́. Àfúsá gbé e sókè, ó fi àtàǹpàkò tẹ igbá ẹ̀yìn rẹ̀. Igbá náà tẹ̀ wọlé bí èèpo ọsàn.

Ó ránṣẹ́ pè mí. Ilé wa kọjú sí tirẹ̀, ó sì mọ̀ pé ẹ̀kọ́ nípa ẹranko ni mo kà ní yunifásítì. Ọdún mẹ́rin nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò bi mí léèrè ohun tí mo kà.

"Sáyẹ́ǹsì, wá wo ẹ̀dá yìí. Kí ló ń ṣe é?"

"Kò rí oòrùn ni, mà. Oòrùn ló ń jẹ́ kí oúnjẹ tó jẹ di egungun àti igbá."

"Oòrùn tó ń jẹ aró mi? Òun náà ló ń kọ́ igbá fún ahun?"

"Òun ni, mà."

Mo padà sílé. Mo ti dáhùn ìbéèrè. N kò dúró wo ibi tó máa gbé e sí.

Ẹ̀yìnkùlé ló gbé e sí, lábẹ́ páànù ike tó mọ́ gaara bí dígí, tí Mùtíù kàn sórí ibi ìfọṣọ. Ìmọ́lẹ̀ ń kún ibẹ̀ láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Igbá kò le. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn Alága bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ nílẹ̀. Iléyá ku oṣù méjì.

Ẹlòmíràn ìbá pè mí ní òpùrọ́. Àfúsá gé aṣọ aró kan sí méjì. Ó so ọ̀kan sábẹ́ páànù ike, ó na èkejì síta gbangba, ó fi òkúta tẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ kẹwàá, ó kó méjèèjì wá sẹ́nu ọ̀nà wa.

"Tábẹ́ ike rèé, ó ṣá díẹ̀. Ti ìta rèé, ó ti ń funfun. Oòrùn kan náà ni, àbí? Kí ni ike yẹn dí lọ́nà?"

"Apá kan wà nínú oòrùn tójú kì í rí, mà. Kì í gba irú ike yẹn kọjá, kì í sì í gba dígí dáadáa. Òun gan-an ni ahun nílò."

"O mọ̀?"

"Mo mọ̀, mà."

"O ò sì sọ."

"Ẹ ò bi mí, mà."

Ó ká aṣọ rẹ̀, ó lọ.

Lọ́jọ́ kejì, ó gbé báàfù sí gbangba. Ó gbé òkúta pẹlẹbẹ sínú omi kí Alága lè gùn ún, kí ara rẹ̀ gbẹ. Ó fi àkísà bo ìdajì báàfù. Èyí, èmi kọ́ ni mo kọ́ ọ. Ó ní òun fúnra òun kì í dúró sínú oòrùn ọ̀sán láìní ibi tí òun lè sá sí.

Ṣùkúrátù, tí wọ́n jọ ń rẹ aṣọ, pàtẹ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà. "Ìyá Mùtíù! Ẹ̀ ń sá ahun bí ẹni sá láfún!"

"Tó bá gbẹ, màá bù fún ẹ kí o lọ̀ ọ́."

Lọ́jọ́ karùn-ún, Alága gun òkúta. Ó na ọrùn, ó na ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì gbọọrọ, ó dijú. Àfúsá gbé àpótí, ó jókòó tì í.

"Ṣé ó mọ̀ pé egungun lòun ń wá níbẹ̀, àbí ooru náà kàn ń dùn mọ́ ọn ni?"

N kò mọ̀. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un.

Ameenah dé lọ́jọ́ Iléyá. Alága ń jẹun, igbá rẹ̀ ti le, ṣùgbọ́n etí igbá náà lápá kan ti ká sókè, kò sì ní í tẹ́jú mọ́. Ọmọ náà fi ìka tọ ibẹ̀.

"Ìyá àgbà, kí ló ṣe é níbí?"

Mo wà níbẹ̀, àwo ẹran lọ́wọ́ mi. Àgbà tó bá fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ irú ìbéèrè yẹn a ní àmúwá Ọlọ́run ni.

"Èmi ni mo ṣe é," ni Àfúsá wí. "Mo fi í pamọ́ fún oòrùn. Ìdajì ẹ̀bi nìyẹn. Bùọ̀dá tó ń jẹran yìí ló ni ìdajì tó kù. Bi í."

Ameenah yíjú sí mi. Mo gbé àwo sílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ láti orí ike. Lọ́tẹ̀ yìí, mo sọ gbogbo rẹ̀ tán.