Àwọn Obìnrin Tí Ìjábọ̀ Kò Pè

Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Ẹni tó bá ń wá ìtàn pẹ̀lẹ́tù, kó wá a lọ síbòmíràn. Nọ́síràtù lorúkọ mi, nọ́ọ̀sì ni mí ní ilé-ìwòsàn aládàáni kan ní Òkè-Fìà, ní Òṣogbo. A ní ẹ̀ka kan ní Ìdó-Ọ̀ṣun, a ní òmíràn ní Iléṣà. Kifayat ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, ọmọbìnrin tó ń bá wa ṣe ètò orí kọ̀ǹpútà.

Ọmọ Òkè-Baálẹ̀ ni. Bàbá rẹ̀ ń rán fìlà, òun ló sì kọ́ ọ pé tí ojú rírán kò bá dọ́gba, títú ni kí ó tú u, kó má kàn fi ọwọ́ nà án kó lè dà bí pé ó tọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ń ṣiṣẹ́. Kì í pariwo. Àwa àgbà ilé iṣẹ́ fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ó mọ̀ ọ́n kí ènìyàn, a ò sì mọ̀ pé ìwà tí à ń yìn yẹn ló máa kó bá wa.

Iṣẹ́ tó ṣe fún wa kò le láti lóye. Obìnrin tó bá wá ṣe àyẹ̀wò jẹjẹrẹ ọrùn ilé-ọmọ, àwọn tó wà ní káńtà á kọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sínú àká kan nínú kọ̀ǹpútà. Láábù á kọ èsì sínú àká kejì. Tí ọjọ́ Jímọ̀ bá dé, ètò náà á so àká méjèèjì pọ̀, á sì tẹ ìjábọ̀ jáde: àwọn wọ̀nyí ni èsì wọn kò dáa, ẹ pè wọ́n kíákíá. Tẹ́lẹ̀, kọ̀ǹpútà Kifayat nìkan ló lè ṣe é, àwọn ará Iléṣà a sì máa dúró dè é. Ló bá fi ìjábọ̀ náà sínú ètò gan-an, ó gbé e sórí gbogbo kọ̀ǹpútà ní ẹ̀ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí nọ́ọ̀sì kan ṣáà tẹ bọ́tìnnì. Mo ṣàdúrà fún un lọ́jọ́ náà.

Ó ti fẹ́ kí obìnrin kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà káàdì, kó jẹ́ nọ́ńbà ni ètò á máa fi so wọ́n pọ̀. Dókítà Cornelius Akíndélé, ẹni tó ni ilé-ìwòsàn, kọ̀. "A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ," ló wí. "Orúkọ ni kí o fi so wọ́n." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Kifayat wá gbé ìjábọ̀ àkọ́kọ́ wá, àlàfo wà nínú rẹ̀: èsì tí kò ní fóònù, fóònù tí kò ní èsì. Dókítà tì í sẹ́yìn. "Mi ò fẹ́ àlàfo nínú ìwé mi. Èyí tí kò bá pé, yọ ọ́."

"Ẹ ṣé, sà," ni Kifayat wí. Ó sì yọ ọ́.

Fún oṣù méje ni ìjábọ̀ Iléṣà fi ń jáde ní ṣókí: obìnrin kan, méjì, nígbà mìíràn òfo. Dókítà ní ara àwọn obìnrin Ìjẹ̀ṣà le ni. Èmi náà gbọ́, mi ò béèrè nǹkan kan. Ní káńtà wọn, ohun tí wọ́n ń sọ fún àwọn obìnrin ni pé, "Tí ẹ ò bá gbọ́ ìpè wa, ẹ máa dúpẹ́ o, kò sí nǹkan."

Ní oṣù kẹwàá, Ìyá Wúrà, tó ń ta òwú ní ọjà Àtakúmọ̀sà, dé ibẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ tí kò dá. Èsì rẹ̀ ti wà ní láábù láti oṣù kẹta. Èsì burúkú ni. Kò sẹ́ni tó pè é. Ó ń dúpẹ́ nílé ni.

Dókítà pariwo mọ́ Kifayat títí ìta fi gbọ́, pé ètò rẹ̀ ló bà jẹ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, èmi àti Kifayat jọ gbọ̀nà Iléṣà. Ọlájùmọ̀kẹ́ ló wà ní káńtà, ọmọ tó níwà. A dúró sẹ́yìn rẹ̀, à ń wò. Obìnrin kan tó ti lé láàádọ́ta ọdún wọlé. Ọlájùmọ̀kẹ́ kúnlẹ̀ díẹ̀.

"Ẹ kú uṣẹ́ mà. Ìyá ta ni kí n kọ?"

"Ìyá Ìdùnnú."

Ó tẹ̀ ẹ́: Ìyá Ìdùnnú. A tẹ̀lé e dé láábù, ọkùnrin ibẹ̀ sì béèrè orúkọ tí yóò kọ sára ìgò lọ́wọ́ obìnrin kan náà. "Ìwàlẹwà Ọdúntán," ló dáhùn.

A padà sí káńtà, Kifayat ṣí àká ibẹ̀. Ìyá Akin. Màmá Káyọ̀dé. Ìyá Ìbejì pọ̀ níbẹ̀ tó mọ́kànlá! Kò sí ọ̀kan tó bá èsì kankan mu, ètò wa sì ti yọ gbogbo wọn, bí a ṣe ní kó ṣe.

"Orúkọ!" Kifayat jágbe mọ́ ọmọ káńtà náà. "Orúkọ la ní kí o kọ!"

Omi lé sójú Ọlájùmọ̀kẹ́. "Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó tó ìyá tó bí mi, kí n wá wò ó lójú, kí n bi í pé kí lorúkọ ẹ̀? Wọn ò kọ́ mi bẹ́ẹ̀ nílé wa."

Kifayat jókòó. "Ẹ̀gbọ́n Nọ́síràtù, mo mọ̀ pé yíyọ yẹn kò dáa lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọ́. Mo mọ̀. Mo ní ẹ ṣé, sà."

Èmi náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọ́.

Obìnrin mẹ́tàlélógójì ni ètò ti yọ ní Iléṣà, èsì àwọn mẹ́sàn-án nínú wọn sì burú. A pe gbogbo fóònù, à ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n sọ orúkọ inú ìwé fún wa. Àwọn kan bú wa. A rí méje tó ṣì ṣeé tọ́jú. Ìyá Wúrà ni ẹ̀kẹjọ. Níbi tí a gbé e lọ, wọ́n ní ó ti kọjá iṣẹ́ abẹ. Ẹ̀kẹsàn-án ni Jọmílójú Elisha. Nínú àwọn orúkọ káńtà, Ìyá Ìbejì kan ló ṣẹ́kù tí a ò tíì bá sọ̀rọ̀, fóònù rẹ̀ kò sì wọlé. Ẹ lọ béèrè Ìyá Ìbejì ní Iléṣà, kí ẹ wo iye ojúlé tí wọ́n máa júwe fún yín!

Kifayat tú ètò náà. Ó fi nọ́ńbà káàdì sí i láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ṣe é kó jẹ́ pé ẹni tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ kò bá bára mu ni yóò kọ́kọ́ jáde lókè ìjábọ̀, ní lẹ́tà pupa. Ó pín in dé ẹ̀ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ní ọjọ́ Ajé, Dókítà gbé ìwé náà sókè nípàdé. "Kí ni ìdọ̀tí pupa yìí? Kifayat, ṣebí mo ti sọ fún ọ. Yọ ọ́."

Kifayat dìde. Mo rò pé ó fẹ́ bẹ̀bẹ̀ ni.

"Cornelius," ló wí.

Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin! Nọ́ọ̀sì kan fọwọ́ bo ẹnu.

"Cornelius, mi ò ní yọ ọ́. Obìnrin kan ló wà nínú pupa yẹn. Kà á sókè, kí gbogbo wa gbọ́."

Dókítà wo ojú wa yíká, ó ń wá ẹni tó máa ní kí ọmọ náà kúnlẹ̀. Kò rí ẹnì kankan. Ó wọ gíláàsì rẹ̀.

"Jọmílójú Elisha," ló kà.