Okùn Èédú Lára Ògiri

"Dì í mú, akọ̀wé. Má gbọ̀n."

Bàbá káfíńtà aládùúgbò wa ní Òjó fa okùn tí wọ́n ti rì sínú omi èédú, wọ́n jù ú sílẹ̀, ó dún pà, ìlà dúdú kan sì nà tààrà lórí pákó. Òórùn igi tútù dàpọ̀ mọ́ ti ọ̀sà.

Ọkàn mi kò sí níbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, olùkọ́ wa ní Ìbà yóò pè wá sójú pátákó. Ẹni tí kò bá lè fi ibi tí ìlà kan ti gé ìlà ìbú àti ìlà òòró hàn kò ní í ṣe ìdánwò kọ́lẹ́ẹ̀jì. Bàbá mi sì ti sọ ọ́: bí n kò bá wọlé, àwọ̀n ẹja ni.

"Bàbá, ẹ wò ó. 2x + 3y = 12. Mo sọ x di òdo, mo rí mẹ́rin, mo fi àmì sí mẹ́rin lórí ìlà ìbú. Olùkọ́ ní n kò gbà á."

Bàbá káfíńtà kò mọ̀wé. Wọ́n ní kí n lọ dúró sẹ́sẹ̀ ògiri.

"Ilẹ̀ ni x rẹ, ògiri ni y. Ẹsẹ̀ bàtà mélòó lo ti rìn kúrò lára ògiri?"

"N kò rìn rárá."

"Òdo nìyẹn. O ò rìn, o wá ń wá mẹ́rin nílẹ̀. Ṣé ó já bọ́ lápò rẹ ni? Gbójú sókè, ọmọ apẹja."

Mo gbójú sókè. Ara ògiri ni mẹ́rin wà! Wọ́n kan ìṣó mọ́ ògiri ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, wọ́n so okùn mọ́ ọn.

"Nílẹ̀ ńkọ́?"

"Gíga ló di òdo níbẹ̀, Bàbá. Mẹ́fà ni."

Mo wọn mẹ́fà, mo fa okùn débẹ̀. Mo tún wọn mẹ́ta péré lórí ilẹ̀: okùn ga ní méjì géérégé, bí ìṣirò ṣe wí. Mo fò sókè. Bàbá ní kí n má tẹ pákó àwọn.

Lọ́jọ́ kejì, mo fi àmì sí mẹ́rin lókè, mẹ́fà nílẹ̀, mo sì fa ìlà tààrà lójú pátákó. Mo sáré láti Ìbà dé Òjó. Bàbá wà lórí òrùlé, ìṣó lẹ́nu.

"Ṣé ògiri dúró?"

"Ó dúró, Bàbá."

Wọ́n mi orí, wọ́n kan ìṣó tó kàn.

Mo di olùkọ́. Bí mo bá ń fi okùn náà han àwọn ọmọ lẹ́yìnkùlé wa, ìyàwó mi ló máa ń di orí kejì okùn mú. Ó kú lọ́dún tó kọjá. Ìṣó ni mo ń so okùn mọ́ báyìí. Lówùúrọ̀ mìíràn, n kì í lè rìn kúrò lẹ́sẹ̀ ògiri. Mo ṣì máa ń gbójú sókè.