Ẹ̀jẹ̀ AS Lórí Òkè Yìnyín

Lábẹ́ egungun ìhà òsì mi ló ti bẹ̀rẹ̀, bí ìgbà tí ẹnì kan ki ìka méjì bọ ibẹ̀, tó sì ń tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ ni. Èmi àti Luc, ọ̀gá tí mò ń bá ṣiṣẹ́, wà lórí òkè gíga kan ní ilẹ̀ Faransé, a sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ju bọ́ǹbù kejì tán. Mo kọ́kọ́ rò pé okùn báàgì tí mo gbé kọ́ ẹ̀yìn ló fún jù. Mo tú u. Ìrora náà kò lọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ náà, torí ọ̀pọ̀ nínú àwọn èèyàn wa kì í gbà pé iṣẹ́ ni. Bí yìnyín bá ti rọ̀ púpọ̀ sórí òkè, ìpele-ìpele ló máa ń jókòó. Nígbà míì, ìpele tó wà lókè kì í lẹ̀ mọ́ èyí tó wà nísàlẹ̀ dáadáa. Ọjọ́ tó bá yọ̀, gbogbo rẹ̀ á ya lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, á sì bo ẹnikẹ́ni tó bá wà nísàlẹ̀ mọ́lẹ̀. Nítorí náà, kí àwọn tó wá fi sikí, pátákó gígùn tí wọ́n ń dè mẹ́sẹ̀ láti fi yọ̀ lórí yìnyín, ṣeré tó jí, àwa á ti gòkè. A ó ju bọ́ǹbù síbi tí a bá fura sí, kí yìnyín náà lè ya nígbà tí kò sí ẹnikẹ́ni lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà la ó ṣí ọ̀nà, a ó ri igi àmì mọ́lẹ̀, a ó sì máa ṣọ́ àwọn èèyàn títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó bá ṣẹ́ lẹ́sẹ̀, àwa la ó dè é mọ́ orí sílẹ́ẹ̀jì, ọkọ̀ pẹlẹbẹ tí kò ní táyà, tí a ó fà á wálẹ̀.

Abẹ́òkúta ni wọ́n bí mi sí. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà tí mọ́mì mú mi wá sí Manchester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àdúgbò Wythenshawe la gbé, torí mọ́mì ń ṣe kílínà ní éápọ́ọ̀tù tó wà nítòsí rẹ̀. Yìnyín àkọ́kọ́ tí mo fi ẹsẹ̀ tẹ̀ dáadáa, inú ilé ló wà, nínú ilé ńlá kan tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ ṣe yìnyín fún àwọn tó fẹ́ kọ́ sikí. Bàtà tí wọ́n ń yá àwọn oníbàárà ni mò ń nù níbẹ̀ nígbà tí mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Nígbà tó yá, wọ́n kọ́ mi ní ìtọ́jú pàjáwìrì, mo sì di ọ̀kan lára àwọn tó ń ṣọ́ orí yìnyín. Ọdún mélòó kan lẹ́yìn 2010, mo ríṣẹ́ ìgbà òtútù sí ilẹ̀ Faransé.

"Bùkọ́lá," mọ́mì bi mí, "nínú gbogbo iṣẹ́ tó wà láyé, kí ni ọmọ Ẹ̀gbá ń wá nínú yìnyín?"

Mo kàn mọ̀ pé mo fẹ́ràn rẹ̀ ni.

Ọdún méjì àkọ́kọ́, orí òkè tí kò fi bẹ́ẹ̀ ga ni mo ti ṣiṣẹ́, àlàáfíà ni mo sì fi parí rẹ̀. Ọdún kẹta ni wọ́n gbé mi lọ síbi tó ga jù lọ níbẹ̀, níbi tí èémí ti máa ń kúrú fún ẹnikẹ́ni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ọjọ́ kẹta mi níbẹ̀ ni mo ń sọ yìí.

Luc yíjú sí mi. "Ojú rẹ ti yí padà. Ṣé o ṣubú ni?"

"Rárá. Ìhà mi ni."

Kí n tó sọ̀rọ̀ míì, mo ti bì sórí yìnyín. Ó gba bọ́ǹbù tó kù lọ́wọ́ mi, ó rọra gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì pe àwọn tó wà nísàlẹ̀ lórí rédíò. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù bà mí gan-an. Ohun tí a ń bẹ̀rù lórí òkè, a mọ̀ ọ́n: a lè fi ọ̀pá wọn ìjìnlẹ̀ rẹ̀, a lè gbọ́ ìró rẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú mi yìí, n kò mọ orúkọ rẹ̀, n kò sì mọ ibi tó ń lọ.

Wọ́n fi sílẹ́ẹ̀jì gbé mi sọ̀kalẹ̀. Dókítà tó wà ní abúlé ìsàlẹ̀ òkè tẹ ikùn mi, ó yẹ ìtọ̀ mi wò, ó ní ó lè jẹ́ pé iṣan ló fà, ó sì lè jẹ́ òkúta inú kíndìnrín. Kò bi mí ní irú ẹ̀jẹ̀ tí mo ní, èmi náà kò sì rò pé ó yẹ kí n sọ ọ́. Ó fún mi ní oògùn ìrora. Mo sùn sí yàrá tí mo ń gbé níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì, kò sàn, mo bá pinnu láti padà sọ́dọ̀ mọ́mì ní Manchester. Bí mo bá mọ̀ nígbà náà ohun tí mo mọ̀ lónìí, n kò ní wọ bàálù. Afẹ́fẹ́ inú bàálù náà kì í tó ti ilẹ̀. Kí a tó dé ìdajì ọ̀nà, ìrora ti gba ìhà mi gun èjìká òsì, n kò sì lè mí kanlẹ̀ mọ́. Mo dijú, mo ń ka èémí mi. Mo rò pé n kò ní dé ilẹ̀.

Mọ́mì wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Bí wọ́n ṣe rí i tí mo tẹ̀ kọdọrọ jáde, wọn ò tiẹ̀ bọ́ aṣọ kílínà wọn. Táásì ló gbé wa láti éápọ́ọ̀tù lọ sí ẹmájẹ́ńsì ní ọsibítù.

A pẹ́ níbẹ̀. Ẹni tó ti jókòó sí irú yàrá ìdúró bẹ́ẹ̀ rí, ó mọ̀ ọ́n: àwọn àga tí kò ṣeé fẹ̀yìn tì, ojú gbogbo èèyàn lára ilẹ̀kùn, orúkọ ẹlòmíì tí wọ́n ń pè ṣáá. N kò lè jókòó, n kò lè dùbúlẹ̀. Mo kúnlẹ̀ sílẹ̀, mo gbórí lé àga. Mọ́mì di kóòtù mi mú, wọ́n ń gbàdúrà kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Nígbà tó yá, àdúrà náà dáwọ́ dúró, mo sì gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí. Ẹ̀rù ń ba àwọn náà.

Dókítà ọ̀dọ́ kan ló kọ́kọ́ rí wa. Ó bi wá bóyá àìsàn kan wà nínú ẹbí.

"Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ní SS," ni mọ́mì sọ. "Ó ti kú. Èyí, AS ni."

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni bọ̀dá Táyọ̀ nígbà tó kú ní Abẹ́òkúta. Láti ìgbà tí a ti dé ìlú yìí, n kò gbọ́ kí mọ́mì sọ ọ́ fún àlejò rí.

Dókítà náà ní AS kì í ṣe àìsàn, pé ẹni tó bá ní in kì í sábà ní ìṣòro kankan.

"Ohun tí wọ́n sọ fún mi nílé náà nìyẹn," ni mọ́mì wí. "Ṣùgbọ́n orí òkè ló ti ń bọ̀, ọmọ mi. Níbi tí afẹ́fẹ́ ò tó. Wọ́n máa ń sọ fún wa nígbà ayé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé ká má jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọ́n fún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi ẹni tó jù yín lọ."

Mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà náà títí dòní, torí kò bínú. Ó lọ béèrè. Obìnrin tó bá a padà wá, dókítà tó mọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀ ni. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí: "Báwo ni òkè náà ṣe ga tó?" Bí mo ṣe sọ fún un, ó ní kí wọ́n gbé mi lọ fún skáánù kíákíá.

Bó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún wa nìyí. Ẹni tó bá jẹ́ AS, ìdajì ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dára, ìdajì yòókù ní àbùkù S nínú. Nílẹ̀ẹ́lẹ̀, èyí tó dára á gbé èkejì. Ṣùgbọ́n níbi tó bá ga gan-an, tí ọ́síjìn kò tó, tí èèyàn tún ń ṣe làálàá, ẹ̀jẹ̀ pupa lè tẹ̀ bíi dòjé, kó sì dí àwọn òpójẹ̀ kéékèèké. Ibi tó máa ń dí jù ni ẹ̀yà ara kan lábẹ́ ìhà òsì, tó ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀, tó sì ń bá wa gbógun ti kòkòrò àrùn. Spleen ni wọ́n ń pè é. Àwọn àgbà ń pè é ní ọlọ inú. Apá kan lára tèmi ti kú, èyí tó kù sì ti wú. Kò wọ́pọ̀, ó ní, ọ̀pọ̀ AS ló ń gun òkè tí nǹkan kan kì í ṣe wọ́n. Àmọ́ bó bá bẹ́, ẹ̀jẹ̀ á dà sí inú, wọ́n á sì ní láti ṣiṣẹ́ abẹ kíá.

Wọ́n fún mi ní ọ́síjìn, omi, àti oògùn ìrora tó lágbára. Oníṣẹ́ abẹ mú ìwé wá kí n fọwọ́ sí i sílẹ̀ de ìgbà tó bá di dandan. Mo fọwọ́ sí i. Láti ọjọ́ náà, iṣẹ́ wa di ìdúró. Wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n ń tẹ ikùn mi, wọ́n ń wo ojú mi. Ìgbàkígbà tí mo bá fẹ́ wúkọ́, mo máa ń di ìhà mi mú, torí mo rò pé ìyẹn ló máa bẹ́ ẹ.

Ní ọjọ́ kẹta, mọ́mì ń fi òróró pa mí lẹ́sẹ̀, wọn ò wojú mi. "Èmi ni mo fún ọ," wọ́n ní. "Mo fún Táyọ̀, mo tún fún ọ."

"Mọ́mì, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ ò bá sọ̀rọ̀ níwájú dókítà yẹn ńkọ́?"

Wọ́n ń pa òróró náà lọ, wọ́n pa á títí tí ẹsẹ̀ mi fi ń dán.

Ọjọ́ keje ni ibà tó ti mú mi láti ìgbà tí mo dé ọsibítù lọ. Skáánù kejì fi hàn pé wíwú náà ti ń rọlẹ̀, oníṣẹ́ abẹ sì ní òun kò ní nǹkan ṣe lọ́dọ̀ mi mọ́. Mo sunkún, nọ́ọ̀sì rò pé ara ló ń ro mí.

Ara mi kò tètè yá bí mo ṣe rò. Fún oṣù méjì, àtẹ̀gùn ilé wa ń mú mi mí hẹlẹhẹlẹ. N kò lè fi ẹ̀gbẹ́ òsì sùn, kódà nígbà tí kò dùn mí mọ́. Wọ́n fún mi ní àwọn abẹ́rẹ́ àjẹsára, torí ọlọ inú tó ti dín kù kò lè ṣọ́ èèyàn bíi ti tẹ́lẹ̀, wọ́n sì kìlọ̀ pé bí ibà bá mú mi, n kò gbọ́dọ̀ fi ṣe eré. Dókítà ẹ̀jẹ̀ ní kí n má gun irú òkè yẹn mọ́ láéláé. Nígbà tí mo sọ fún Luc lórí fóònù, ó ní òun á fi àwọn ẹrù mi ránṣẹ́. Ìyẹn náà dùn mí bí àìsàn.

Mo bi dókítà náà nípa àwọn òkè Scotland. Wọn ò ga tó ìdajì ti ọ̀hún, yìnyín sì máa ń ya níbẹ̀ náà. Ó yẹ̀ mí wò dáadáa, ó ní mo lè lọ, bí mo bá ń mu omi, tí mo sì ń sinmi. Ibẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà òtútù báyìí. Ní àárọ̀ àkọ́kọ́, mo sọ fún obìnrin tí wọ́n ní ká jọ máa ṣiṣẹ́ pé: "Ẹ̀jẹ̀ mi ní ìwà tirẹ̀. Bí o bá rí i tí mo di ẹ̀gbẹ́ òsì mú, má bi mí léèrè. Gbé mi sọ̀kalẹ̀." Ó ní òun ti gbọ́. A gòkè. Ní gbogbo ọ̀nà, mo ń fetí sí inú ara mi ju yìnyín lọ, ẹ̀rù ń bà mí, n kò sì ní purọ́ pé ó ti tán.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ AS, n kò sọ pé kí ẹ má jáde nílé. Ẹ kàn mọ irú ẹ̀jẹ̀ yín, kí ẹ sì sọ ọ́ fún dókítà kí wọ́n tó bi yín. Ní tèmi, tẹ́lẹ̀, mo rò pé ara jẹ́ ohun tí èèyàn ń lò ni, bíi bàtà. Ní báyìí, bí mo bá ti jí, mo máa ń mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kí n tó dìde. Bí afẹ́fẹ́ náà bá wọlé dé ìsàlẹ̀, tí ohunkóhun kò dí i lọ́nà, mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, kí n tó wá bàtà mi.