Ráfátù Tí Kì Í Jẹ́ Kí Bọ́ọ̀lù Balẹ̀

Lánàá, àwọn ọmọ ń tu ìyẹ́ awó lẹ́yìn ilé, òórùn ìyẹ́ tí omi gbígbóná ti rẹ sì wọlé bá mi lórí àga. Ẹ̀rín pa mí. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ìyẹ́ tí ẹ ń kó dà sí ààtàn yẹn, ohun ìṣeré wa ni nígbà tí a wà ní kékeré ní Ṣakí níbí.

A máa ń ki ìyẹ́ awó bọ ìdí ṣùkù àgbàdo, a ó wá fi pákó pẹlẹbẹ gbá a síra wa lójú agbo ilé. Yóò fò lọ sókè, yóò sì máa yí bọ̀ wálẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Òfin kan ṣoṣo ló wà: bó bá balẹ̀, ó kú. Ráfátù ọmọ Ìyá Oníṣu, ọ̀rẹ́ mi tí ilé wọn kọjú sí tiwa, kì í jẹ́ kó kú. Ọwọ́ rẹ̀ yá ju ojú wa lọ.

Nígbà tí a wọ sẹ́kọ́ńdìrì, a bá pápá tẹ́níìsì oní-sìmẹ́ńtì níbẹ̀. Tíṣà eré ìdárayá ń wá ọmọbìnrin kan sí i tí yóò bá wọn lọ díje n'Ìbàdàn. Wọ́n ní ẹni tó bá ṣe dáadáa níbẹ̀, ilé ìwé kan n'Ìbàdàn lè gbà á, kí wọ́n sì máa tọ́jú rẹ̀. Ìsẹ́yìn ni ibi tó jìnnà jù tí Ráfátù dé rí, bàbá rẹ̀ sì ti ń sọ pé ìwé tó gẹ́ẹ́, ọkọ ló kù.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ yan ọmọ náà, Dúpẹ́ tó wà ní kíláàsì iwájú ni wọ́n fi kò ó lójú. Dúpẹ́ gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́, Ráfátù sáré pàdé rẹ̀ lójú òfuurufú, ó gbá a padà. Tíṣà fọn fèrè.

"O ti pàdánù ìyẹn. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá fi bẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ balẹ̀."

Èyí tó tẹ̀lé e, bákan náà. Òmíràn, bákan náà. Wọ́n ní àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ, ṣùgbọ́n ti Ráfátù tàn án jẹ lọ́jọ́ náà. Omijé ti ń lé ròrò lójú rẹ̀. Mi ò lè mú un mọ́ra mọ́, mo ké sí i létí pápá pé, "Ráfátù, máa ka Bísímíláhì tán kó o tó gbá àkọ́kọ́!"

Ó gbọ́. Dúpẹ́ gbá a, ètè Ráfátù mì, bọ́ọ̀lù balẹ̀, ó ta sókè, Ráfátù sì gbá a. Lẹ́yìn ìyẹn, kò di dandan kí bọ́ọ̀lù balẹ̀ mọ́, ó sún mọ́ nẹ́ẹ̀tì, ó wá di eré agbo ilé wa. Bó bá ga, ó fò bá a. Bó bá rẹlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ bá a. Ẹ̀rù bà mí, mo sọ òótọ́, pé ẹni tí a jọ ń jẹun nínú abọ́ kan ní irú nǹkan báyìí lára.

Nígbà tó borí tán, Tíṣà bi í pé ta ló kọ́ ọ.

"Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, sà. Nílé wa, bó bá balẹ̀, ó kú ni."

Tíṣà na rákẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ gan-an sí i. "Mú un dání lọ Ìbàdàn."

Ó lọ. Ilé ìwé kan gbà á síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ọkọ sì parí. Ọdún ń gorí ọdún, lẹ́tà dín kù, títí mi ò fi mọ ibi tó wà mọ́. Èlùbọ́ ni wọ́n ń sá sórí pápá yẹn báyìí. Ṣùgbọ́n ìyanu ọjọ́ náà kò tíì kúrò lára mi. Ìbàdàn tí mo bẹ Ọlọ́run pé kí Ráfátù dé náà ló gbà á lọ́wọ́ mi, bẹ́ẹ̀ bí wọ́n bá dá wa padà sétí pápá yẹn lónìí, mo tún máa ké sí i.