Ẹni Tó Dúró Sínú Òjò ní Afo

Ọjọ́ kẹta rèé tá a ti ti Àkúrẹ́ dé, ẹ̀rín ò tíì kúrò lẹ́nu mi. Mò ń fọ abọ́, mò ń rẹ́rìn-ín. Mò ń gbálẹ̀, mò ń rẹ́rìn-ín. Ká ní ẹnìkan wà nílé tí mo lè ròyìn fún ni, ǹ bá ròyìn títí ohùn mi á fi há. Àmọ́ kò sí ẹlòmíì nínú ilé yìí ju èmi àti Dádì lọ, ojú Dádì sì ni gbogbo ẹ̀ ṣe, kí ni mo tún fẹ́ rò fún wọn? Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bíírò.

Dádì kì í ṣe bàbá mi o. Télọ̀ ni bàbá mi, àárín ìgboro Ọ̀wọ̀ ni ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ wà, ilé wa sì kún débi pé àwa mẹ́ta là ń sùn lórí ẹní kan. Ayàwòrán ilé ni Dádì, akitẹ́ẹ̀tì ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì. Bàbá mi ló ń rán aṣọ wọn látìgbà tí wọ́n ṣì ń lọ síbi iṣẹ́. Ìyàwó wọn ti kú, àwọn ọmọ wọn wà lókè òkun, ojú wọn ò sì ríran dáadáa mọ́. Nígbà tí mo jáde sẹ́kọ́ńdìrì, tí àwọn ọ̀rẹ́ mi ń wọ yunifásítì lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ádímíṣọ̀n tèmi ò jáde, bàbá mi ní kí n lọ máa gbé ọ̀dọ̀ wọn, kí n máa se oúnjẹ, kí n máa ka ìwé ìròyìn sí wọn létí.

Ilé náà tóbi, ó sì dákẹ́. Àga mẹ́jọ ló wà nídìí tábìlì ìjẹun. Dádì ń jókòó sórí ọ̀kan, èmi náà ń jókòó sórí ọ̀kan, àwọn mẹ́fà tó kù, mò ń nu eruku orí wọn ní gbogbo Sátidé bíi pé àlejò ń bọ̀. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, fóònù Dádì máa ń wà lórí ìrọ̀rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, torí Sọ́ńdè làwọn ọmọ máa ń pè. Nígbà míì, ìpè á wọlé. Bí kò bá wọlé, Dádì á ní, "Nẹ́tíwọọ̀kì ni." Èmi náà á ní, "Nẹ́tíwọọ̀kì ni, sà." Ó tán nìyẹn.

Bá a ṣe wà nìyẹn kí lẹ́tà tó dé. Ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán ilé ló kọ ọ́. Wọ́n fẹ́ bu ọlá fún àwọn àgbà iṣẹ́ tí ilé tí wọ́n yà ṣì ń ṣe aráyé láǹfààní. Orúkọ Dádì wà níbẹ̀! Mo fò sókè. Dádì ní kí n jókòó, kí n kà á dé ìsàlẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni wàhálà wà. Ẹgbẹ́ náà ní kí Dádì fi ilé kan ó kéré tán ránṣẹ́, pẹ̀lú ìwé àwòrán ẹ̀, tàbí ẹlẹ́rìí tó lè sọ pé Dádì ló yà á. Bí oṣù bá parí tí wọn ò rí i, wọ́n á yọ orúkọ náà.

"Ìwé àwòrán wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì," Dádì wí. "Nínú àpótí onígi."

Mo fa àpótí jáde, mo ṣí i. Ikán ti jẹ ẹ́ kanlẹ̀. Dádì ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, wọ́n bu díẹ̀, wọ́n ń fi ìka tẹ̀ ẹ́.

"Ọmọ télọ̀, ṣé gààrí lo kó síbí?"

Mo rẹ́rìn-ín. Àwọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n da ìyẹ̀fun náà padà sínú àpótí jẹ́jẹ́, bí ẹni ń tẹ́ ọmọ sùn.

"Gbé e síta," wọ́n ní. "Ta ló máa rántí? Bí ilé bá dúró, bíríkìlà ni wọ́n ń kí. Ọjọ́ tó bá wó ni wọ́n máa ń béèrè ẹni tó yà á."

Fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, wọn ò ní kí n ka ìwé ìròyìn. Wọ́n kàn jókòó síwájú fèrèsé tí wọn ò rí nǹkan kan níta ẹ̀. Ọjọ́ kẹrin, ara mi ò gbà á mọ́.

"Dádì, níbo lẹ ya ilé sí nítòsí?"

"Ilé ìwé kan wà ní Isuada. Ilé ìwòsàn kan wà ní Afo."

"Báwo ni màá ṣe dá a mọ̀?"

"Wo ara ògiri níta. Wá pèpéle."

Ni wọ́n bá là mí lóye. Láyé ìgbà yẹn, ìjọba kì í fi pèpéle sí ara ilé ìwé tàbí ilé ìwòsàn. Ara ilé àwọn baba wa ni irú ẹ̀ máa ń wà, níbi tí èèyàn ti ń jókòó gba atẹ́gùn. Àmọ́ Dádì ti rí i pé níbi gbogbo tó jẹ́ ti ìjọba, ìdúró làwọn èèyàn ń dúró. Dádì wá ń ya pèpéle sí ọwọ́ ibi tí òjò kì í gbà wọlé. Wọn kì í sì í ya nǹkan kan títí òjò á fi rọ̀ sórí ilẹ̀ náà lójú wọn.

"Ọ̀gá mi ní mò ń fi símẹ́ntì ìjọba ṣòfò. Ó ní ṣé mò ń kọ́ ilé bàbá mi ni."

Mo gun ọ̀kadà lọ sí Isuada lọ́jọ́ kejì. Inú mi ń dùn lójú ọ̀nà bí ẹni ń lọ síbi ìgbéyàwó. Nígbà tí mo débẹ̀, wọ́n ti tún ilé ìwé náà ṣe. Wọ́n ti gé pèpéle kúrò, àpá ibi tó wà tẹ́lẹ̀ nìkan ló kù lára ògiri, ó gùn lọ rangbandan. Bàbá kan ń lẹ táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo ní ta ló ya ilé ìwé yìí?

"Yà á kẹ̀? Wọ́n kì í ya ilé, ọmọ mi. Kíkọ́ ni wọ́n ń kọ́ ọ. Káńsẹ́lọ̀ ló kọ́ ọ."

"Irọ́!" Ìyàwó wọn ló pariwo láti inú ṣọ́ọ̀bù. "Bíríkìlà tó kọ́ ọ ló fẹ́ àbúrò ìyá mi!"

"Ṣé owó àbúrò ìyá ẹ ni wọ́n fi kọ́ ọ?"

"Ṣé káńsẹ́lọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń di ṣíbí bíríkìlà mú?"

Ọ̀rọ̀ di ti tọkọtaya, wọ́n gbàgbé pé èmi ń bẹ níbẹ̀. Mo ya àpá ara ògiri náà ní fọ́tò. Àwọn ọmọléèwé ti lọ tán. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lábẹ́ àpá náà, mo jẹ ẹ̀pà tí mo mú dání, kò sẹ́ni tó mọ̀ mí nílùú náà, kò sẹ́ni tó bi mí pé kí ni mò ń wá. Èmi tí mo máa ń ráhùn pé èèyàn pọ̀ jù nílé wa! Nígbà tí mo délé, mo parọ́ fún Dádì pé mi ò bá wọn níléèwé. Mi ò lè sọ pé wọ́n ti gé e.

Ó ku ọjọ́ méjì kí oṣù parí nígbà tí mo wọkọ̀ lọ sí Afo. Nọ́ọ̀sì tí mo bá ní ilé ìwòsàn ò tíì pé ọdún kan níbẹ̀, kò mọ nǹkan kan. Àmọ́ pèpéle wà! Ó gùn láti igun ilé dé igun ilé, ìdí àwọn èèyàn ti dán an bíi dígí. Mo fọwọ́ pa á lára. Bí mo ṣe ń yà á ní fọ́tò ni òjò bẹ̀rẹ̀, òjò tí kì í ṣe kékeré. Gbogbo wa sá jókòó síbẹ̀, aboyún méjì, èmi, àti ìyá arúgbó kan tó wá gba oògùn ẹsẹ̀. Òjò ń rọ̀ níwájú wa bí ẹni ń da omi látinú garawa, ẹ̀kán kan ò kàn wá.

"Ìyá, ṣé ẹ mọ ẹni tó ya ilé ìwòsàn yìí?"

"Mi ò mọ ayàwòrán kankan," ìyá wí. "Wèrè kan ni mo mọ̀."

Àwọn aboyún bú sẹ́rìn-ín. Ìyá ní kí wọ́n má rẹ́rìn-ín mọ́, kí wọ́n má lọ bímọ síbí.

"Oko ẹ̀gẹ́ ọkọ mi ni ibí yìí kí ìjọba tó gbà á. Ọ̀dọ́kùnrin kan wá, ó wọ ṣòkòtò dáadáa. Òjò dé, gbogbo èèyàn sá, òun ò sá. Ó ní agboòrùn lọ́wọ́ o, orí ìwé ló ṣí i sí! Òjò ń pa òun fúnra ẹ̀. Ọkọ mi ní ẹ má sún mọ́ ọn. Mo ní wèrè náà ní ìyá. Mo mú ẹ̀gẹ́ sísun lọ fún un. Ṣé o mọ ohun tó bi mí? Ó ní, 'Màmá, ibo ni òjò máa ń gbà wá jù níbí?' Mo ní ọwọ́ òkè lọ́hùn-ún. Ó kọ ọ́ sílẹ̀! Ó kọ ọ̀rọ̀ ẹnu mi sílẹ̀, èmi tí mi ò mọ̀wé. Ọwọ́ òsì ló sì fi ń kọ ọ́, ni mo ṣe sọ pé, háà, orí ẹ̀ dà rú lóòótọ́."

Mo fò dìde. Ọwọ́ òsì! Ọwọ́ òsì ni Dádì fi ń kọ̀wé! Mo bẹ ìyá kí wọ́n tún un sọ sínú fóònù mi, wọ́n sì tún un sọ, wọ́n tilẹ̀ fi iyọ̀ sí i.

"Ó ṣì wà láyé?" wọ́n bi mí.

"Wọ́n wà, màmá."

"Ìyàwó ẹ̀ ńkọ́?"

"Ó ti kú, mà. Àwọn ọmọ wà lókè òkun."

Ìyá wojú mi. "Ta ló wá ń fún un lóúnjẹ?"

"Èmi ni, mà."

"O ṣeun," wọ́n wí, bíi pé ọmọ wọn ni.

Nígbà tí mo gbé ohùn náà sí Dádì létí, wọ́n gbọ́ ọ dé òpin láì mira. Wọ́n ní kí n tún un gbé. "Ẹ̀gẹ́ yẹn jóná lápá kan," wọ́n wí jẹ́jẹ́, "mo sì jẹ ẹ́ tán." Mo fi ohùn àti fọ́tò ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ náà ní alẹ́ ọjọ́ yẹn. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá ká tó gbọ́. Wọ́n ní wọ́n gbà á. Mo ké débi pé àwọn ará ilé kejì yọjú lórí ògiri, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa rí ojú wọn nìyẹn.

Gbọ̀ngàn ńlá ni wọ́n ti ṣe é ní Àkúrẹ́. Bí wọ́n bá pe àgbà kan, ẹbí ẹ̀ á tò lẹ́yìn ẹ̀ gọ́ọ́gọ́, ọmọ, ọmọ-ọmọ, àna, wọ́n á máa ya fọ́tò. Wọ́n wá pe Dádì. Olóòtú ètò ń wò káàkiri.

"Ẹbí bàbá dà?"

Mo dìde, èmi nìkan, pẹ̀lú ìborí tí bàbá mi rán fún mi nítorí ọjọ́ náà.

"Ẹ̀yin nìkan?"

"Èmi nìkan ni, sà."

Ibi tá a jókòó jìn sí orí pèpéle ọlá, ẹsẹ̀ Dádì ò sì lágbára. Mo di apá wọn mú. Àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́. A ò tíì dé ìdajì ọ̀nà tí àtẹ́wọ́ ti rẹ̀ wọ́n, ó ń dín kù, ojú ń tì mí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fa Dádì díẹ̀díẹ̀. Àgbà ayàwòrán kan ní ìlà iwájú bá dìde, ó tún bẹ̀rẹ̀ àtẹ́wọ́ lọ́tun. Gbogbo gbọ̀ngàn dìde tẹ̀ lé e.

"Ọmọ télọ̀," Dádì wí sí mi létí, "má fà mí. Jẹ́ kí n gbọ́ ọ."

Ni mo bá dín ìrìn kù.