Iṣu Tí Iná Kú Nídìí Rẹ̀

Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ Èkìtì kúrò lára Oǹdó, ọkọ mi ríṣẹ́ sí ọ́fíìsì ìjọba ní Adó, a sì kó láti Èkó padà wá sí Ìkẹ́rẹ́. Àpá iná ni mo gbé bọ̀ láti Èkó. Ẹnì kan ló po epo bẹntiróòlù mọ́ kẹrosíìnì tí a rà, sítóòfù sì gbiná mọ́ wa nílé ìdáná. Obìnrin tí a jọ ń lo ilé ìdáná náà kò yè é. Èmi yè é. N kò fẹ́ sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń wọ ẹ̀wù alápá gígùn, nínú ooru pàápàá. Igi ni mo ń fi dáná, ọkọ mi ló sì ń bá mi dá a kí ó tó jáde lọ síbi iṣẹ́. N kì í ṣá ìṣáná. Bí mo bá wọ ilé ẹlòmíràn tí mo sì gbóòórùn sítóòfù, ìta ni mo máa ń jókòó sí.

Ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà nítòsí wa kò mọ gbogbo èyí nígbà tó ránṣẹ́ pè mí. Ó ní àwọn ọmọ òṣìṣẹ́ ìjọba kì í bá ẹnikẹ́ni nílé bí wọ́n bá jáde ilé-ìwé. Òun fẹ́ kí wọ́n dúró díẹ̀, kí ẹnì kan máa kọ́ wọn ní oúnjẹ wẹ́wẹ́ tí ọmọdé lè ṣe. Mo sọ fún un pé ìwé mi kò pọ̀. Ó ní kì í ṣe ìwé ni wọ́n fẹ́ jẹ. Mo gbà, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ ẹ́ pé kí a má dáná. Ó wo apá ẹ̀wù mi, kò sì bi mí léèrè ìdí.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọmọ ní oúnjẹ láìsí iná. A ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà. A ń bẹ iṣu kí èèpo rẹ̀ fẹ́lẹ́. Mo kọ́ wọn bí a ṣe ń fọ gààrí kí ìdọ̀tí rẹ̀ léfòó, àti pé ìgbà tí a bá fẹ́ fi síbí kàn án gan-an ni ẹ̀pà ń wọ inú rẹ̀, kó má baà rọ̀. Àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù lẹ́yìn kíláàsì sọ mí ní Àǹtí Gààrí. Wọ́n á yọjú lójú fèrèsé, wọ́n á bi wá bóyá gààrí ọjọ́ náà ti jinná. Àwọn ọmọ mi á dá wọn lóhùn pé ó ti jinná, ọbẹ̀ ló kù.

Ọmọbìnrin kan wà láàárín wọn tí ọwọ́ rẹ̀ yá ju ti gbogbo wọn lọ. Èkó ni bàbá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Olùkọ́ ni ìyá rẹ̀, apá Òmùò-Èkìtì ni ìjọba sì gbé e lọ ṣiṣẹ́, kì í tètè dé. Lọ́jọ́ kan, mo yìn ín pé èèpo iṣu rẹ̀ fẹ́lẹ́ bí ìwé. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní òun lòun ń se uṣu fún àbúrò òun nílé. Uṣu ni àwọn ọmọ náà máa ń pe iṣu bí wọ́n bá gbàgbé pé inú kíláàsì ni wọ́n wà.

Mo bi í pé orí kí ló ti ń sè é.

"Sítóòfù, mà. Bí epo bá fẹ́ tán, mo máa ń dà á sí i bó ṣe ń jó."

"Kí ló dé tí o kì í kọ́kọ́ pa á?"

Ó wò mí bíi pé èmi ni ọmọdé. "Àǹtí, bí iná bá kú, uṣu á le."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ gbogbo wa. Lọ́dọ̀ tiwa, kò sí ìyá tó fẹ́ kí iná kú nídìí iṣu kí ó tó jinná. Irú iṣu bẹ́ẹ̀ kì í rọ̀ dáadáa mọ́. Bí a bá gún un, kókó ni yóò kún inú iyán, àlejò á sì rí i. Mo ti rí àgbà obìnrin tó ń da epo sórí iná nítorí ìtìjú kókó. Mo gbé ọ̀bẹ ọwọ́ mi kalẹ̀.

Ní Sátidé, mo lọ bá ìyá rẹ̀ nílé. Ó ní òun ti kìlọ̀ fún un títí kó má fọwọ́ kan sítóòfù, òun sì ń ra búrẹ́dì sílẹ̀, ṣùgbọ́n àbúrò náà kì í jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sinmi bí ebi bá ti ń pa á. Ó di ọwọ́ mi mú.

"Ẹ bá mi kọ́ ọ, mà. Tiyín ló ń gbọ́."

Mo fẹ́ sọ fún un pé n kò lè ṣe é. Mo dìde láti máa lọ, mo sì rí sítóòfù náà nílẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kẹ́ẹ̀gì epo fara tì í. Mo ní ó dáa.

Ọ̀gá ilé-ìwé yá wa ní sítóòfù tirẹ̀. A gbé e sí ìta gbangba, níbi tó jìnnà sí kíláàsì. Kí n tó sọ̀rọ̀ kankan, mo ká apá ẹ̀wù mi sókè. Gbogbo wọn sún mọ́ mi. Ọmọbìnrin yẹn na ìka kan, ó fi kan àpá náà jẹ́ẹ́jẹ́.

"Ó ń dùn yín, mà?"

"Kò dùn mí mọ́."

"Ṣé uṣu lẹ ń sè lọ́jọ́ náà?"

"Ẹ̀wà ni."

Mo jẹ́ kí wọ́n gbóòórùn epo, kí wọ́n lè mọ̀ ọ́n bí òórùn rẹ̀ bá yàtọ̀. Mo da epo sí i, mo dé kẹ́ẹ̀gì, mo ní kí wọ́n gbé e jìnnà. Ó wá ku ìṣáná. Èyí àkọ́kọ́ kán mọ́ mi lọ́wọ́. Atẹ́gùn pa èkejì. Ẹsẹ̀ mi fẹ́ sá, mo sì mọ̀ pé wọ́n ń wò mí. Ọmọ náà rìn lọ síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá, ó na aṣọ ilé-ìwé rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, ó fi ara dí i. Iná ràn.

A gbé iṣu kaná. Nígbà tó hó dáadáa, tí kò tíì jinná, mo pa iná náà. Wọ́n kígbe pé mo ti ba iṣu jẹ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo ti bà á jẹ́, a ó sì jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. A jókòó. Mo ní kí ẹnikẹ́ni má da epo títí ọwọ́ á fi lè sinmi lára irin sítóòfù náà bí ìgbà tí a gbé e lé orí ọmọ tó ń sùn. Ó pẹ́ gan-an. Wọ́n kọrin títí orin tán lẹ́nu wọn. Nígbà tó tutù, ẹnì kọ̀ọ̀kan wá gbé ọwọ́ lé e kí a tó da epo, kí a tó tún tan án.

Iṣu náà le lóòótọ́. Epo pupa àti iyọ̀ la fi jẹ ẹ́. Àwọn agbábọ́ọ̀lù wá jẹ tiwọn, wọ́n ní gààrí sàn jù.

Ó ṣe díẹ̀, ọmọ náà dúró lẹ́yìn àwọn yòókù lọ́jọ́ kan. Ó ní epo tán nídìí iṣu ní àná. Òun pa sítóòfù, òun ń dúró, àbúrò òun sì ń sunkún. Ó sunkún títí.

Mo yára bi í: "Kí lo wá ṣe?"

"Mo rẹ gààrí fún un, mà. Mo fi ẹ̀pà sí i nígbẹ̀yìn. Ó jẹ ẹ́, ó sùn. Ìgbà yẹn ni mo wá lọ gbé ọwọ́ lé sítóòfù."

"Iṣu náà ńkọ́?"

"Ó le, mà. Bẹ́ẹ̀ náà ni màmá mi ṣe jẹ ẹ́."