Ẹyin Tí Kò Ní Òǹtẹ̀

Mo ti pa irọ́ púpọ̀ láyé mi, mi ò ní purọ́ fún yín lórí ìyẹn. Ìwé mẹ́fà ni mo kà ní Ìjẹ̀bú kí n tó sá tẹ̀lé ọkọ̀ akẹ́rù, ìtàn ni mo sì fi dí ibi tí ìwé kù sí. Èyí tí ọmọ ọmọ mi obìnrin fẹ́ràn jù ni ti ọjọ́ tí mo mu ọgbọ̀n ẹyin tútù, tí mo wá ru ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ akẹ́rù lórí láti Ṣàgámù dé Ìkòròdú láì sọ̀ ọ́.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Àìsàn kan ń ṣe é tí ìfun rẹ̀ fi ń wú, tó ń di egbò. Àwọn sójà inú ara rẹ̀, tó yẹ kó máa lé àrùn, ló ń bá ìfun rẹ̀ jagun. Oògùn tó ń lò ń tẹ àwọn sójà náà lórí ba. Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà náà ni pé bí sójà bá ti jókòó, ẹnu ibodè ti ṣófo nìyẹn.

Nígbà òtútù tó kọjá, ní ìlú òyìnbó tí à ń gbé níbí, mo rí i pé ẹ̀jẹ̀ ò tó lójú rẹ̀. Mo ní ohun tí ìyá mi ń ṣe fún wa ni n ó ṣe: kí n po ẹyin tútù mọ́ mílíìkì àti mọ́ọ̀tì. Àmọ́ ẹyin ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n lu òǹtẹ̀ pupa lé lórí, mi ò fọkàn tán an. Ẹyin wo ló ń gba òǹtẹ̀ bíi lẹ́tà ìjọba? Mo wọ bọ́ọ̀sì méjì láti Upney lọ sí Marks Gate, lọ́dọ̀ ìyá kan nínú ìjọ wa tó ń sin adìẹ lẹ́yìnkùlé. Ó fún mi ní mẹ́fà, ìmí adìẹ ṣì wà lára wọn. Inú mi dùn: ojúlówó nìyí!

Ọmọ náà wo inú kọ́ọ̀bù, ó yínmú.

"Grandpa, ó ń yọ̀!"

"Ọgbọ̀n ni mo mu kí n tó ru ẹ́ńjìnnì. Ẹyọ kan péré ni tìẹ."

Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé e mu. "A ò ní sọ fún Mummy?"

"Kí ló kan Mummy?"

Lọ́jọ́ kejì, ibà dé, inú ń run ún, ìgbẹ́ gbuuru tòun tẹ̀jẹ̀. A gbé e dé ọsibítù. Dókítà ní ó jọ pé àìsàn àtijọ́ ló tún gbérí. Wọ́n ti gba ìgbẹ́ rẹ̀ fún àyẹ̀wò, ṣùgbọ́n àwọn fẹ́ fi kún oògùn rẹ̀ kí èsì tó dé.

"Àyàfi tó bá jẹ́ kòkòrò ló wọ inú rẹ̀," ó ní. "Tó bá jẹ́ ìyẹn, tá a bá fi kún oògùn náà, ńṣe la máa la ọ̀nà fún un. Ṣé ó jẹ ohun tí kò jinná?"

"Rárá o," ọmọbìnrin mi, ìyá rẹ̀, dáhùn.

Mo já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. "Ó mu ẹyin tútù. Èmi ni mo fún un."

Ọmọbìnrin mi ò tiẹ̀ wojú mi. "Dàdí, ẹ jọ̀ọ́. Ìgbà ẹ́ńjìnnì kọ́ nìyí."

"Òótọ́ ni mò ń sọ!"

"Bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe sọ nígbà ọ̀nì tó ń dé fìlà."

Irọ́ ogójì ọdún wá jókòó tì mí. Mo yíjú sí ọmọ tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó di ẹnu rẹ̀ pinpin, ó ń pa májẹ̀mú mọ́.

"Sọ fún wọn," mo ní. "Mo tú ọ sílẹ̀."

Ó gbé ìka kan sókè. "Ẹyọ kan, pẹ̀lú malt. Poo adìẹ wà lára ẹ̀."

Dókítà gbé bírò sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n dúró de èsì. Nígbà tó dé, kòkòrò inú ẹyin tútù ni lóòótọ́. Dókítà ní òǹtẹ̀ pupa tí mo sá fún ló ń fi hàn pé wọ́n ti gún adìẹ tó yé ẹyin lábẹ́rẹ́ nítorí kòkòrò yẹn. Wọ́n fún un ní oògùn tó lé e jáde, wọn ò sì fi kún ti àtijọ́. Kò pẹ́ tó fi ń jí dòdò nínú àwo mi.

Ọjọ́ mẹ́ta ni ìyá rẹ̀ ò fi bá mi sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, ó gbé ìrẹsì ka iwájú mi, ẹyin sísè kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò tíì bó o.

"Ẹ jẹun, Dàdí. Ó ní òǹtẹ̀."

Lọ́jọ́ ìsinmi tó kọjá, a ń gba Barking Park bọ̀ láti ìjọ, ọmọ náà ní kí n sọ ti ẹ́ńjìnnì. Mo bẹ̀rẹ̀, mo dé orí ọgbọ̀n ẹyin. Ó dá mi dúró.

"Sísè àbí tútù?"

"Sísè ni gbogbo wọn! Ẹ́ńjìnnì náà jókòó sẹ́bàá ọ̀nà, ó ń dúró kí wọ́n jinná."